Bí Kábíyèsí Bá Ní Kí O Wá Gbẹ́ Ilẹ̀kùn Ààfin

Àbúrò kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Kábíyèsí ránṣẹ́ pè mí o! Wọ́n ní kí n wá gbẹ́ ilẹ̀kùn alápá méjì sí ẹnu ọ̀nà ààfin tuntun." Mo kí i kú oríire, mo sì bi í pé kí ló fi dá wọn lóhùn. Ó ní òun dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òun ní kò sí ìṣòro, òun á parí ẹ̀ kí ọdún ìlú tó pé, iye tó bá sì wu Kábíyèsí ni kí wọ́n fún òun. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má tíì ra pákó kankan. Wá ibì kan jókòó sí."

Wákàtí kan ààbọ̀ la fi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, mo sì fi ohun tí mo gbàgbé kún un. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbẹ́gi, ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá ni mo sì ti gbẹ́ fún àwọn alágbára: ọba, ìjòyè, olóṣèlú, oníṣòwò ńlá, àti ṣọ́ọ̀ṣì méjì. Bó o bá jẹ́ ayàwòrán tàbí ẹni tó ń da idẹ, mú èyí tó bá iṣẹ́ tìrẹ mu níbẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Má dá lọ. Wá àgbàlagbà kan tó mọ ìwọlé àti ìjáde ààfin, kó tẹ̀ lé ọ. Ẹnu rẹ kọ́ ló yẹ kó bá ọba ná owó. Àgbà yẹn ni yóò bá ẹmẹsẹ̀ tàbí olóyè tí wọ́n bá yàn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè iye tí o máa gbà níwájú ìgbìmọ̀, dáhùn pé, "Kí adé pẹ́ lórí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ibi tí ilẹ̀kùn máa dúró sí." Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Kò sẹ́ni tó lè mọ iye ilẹ̀kùn tí kò tíì wọ̀n.

Tépù tìrẹ ni kí o mú lọ. Má gba ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni bá kọ sórí bébà fún ọ. Wọn fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà náà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Wọn gíga rẹ̀ lọ́tùn-ún, kí o tún wọ̀n ọ́n lósì. Mo ti rí ògiri tí òkè rẹ̀ fi íǹsì méjì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Dúró síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí o rí ibi tí oòrùn máa ń gbà lù ú. Béèrè bóyá òjò máa ń fẹ́ débẹ̀. Béèrè ẹni tó máa máa ṣí i láàárọ̀, torí bó bá jẹ́ bàbá arúgbó kan ni, ilẹ̀kùn tó wúwo jù á di ìyà fún un lójoojúmọ́.

Owó

Ọdún kẹfà lẹ́yìn tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù, bàbá olówó kan ránṣẹ́ pè mí sí ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ní kí n gbẹ́ ìtàn ayé òun sára ilẹ̀kùn iwájú ilé, láti ìgbà tó ń ru pákó kiri títí dé ọjọ́ tó jẹ oyè. Ó fà mí mọ́ra, ó ní ọmọ òun ni mí, pé kí ni bàbá àti ọmọ fẹ́ fi ìwé àdéhùn ṣe. Owó ọkọ̀ ni mo gbà lọ́jọ́ náà. Mo yá nínú owó àjọ ìyàwó mi, mo fi ra pákó ìrókò mẹ́rin, mo fi oṣù méje gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo gbé e débẹ̀, bàbá ti wọ bàálù lọ sókè òkun, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní àwọn ò mọ̀ sí i. Ọdún kan àti oṣù méjì ni ilẹ̀kùn yẹn fi fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ wá fún mi, á gbójú kúrò lára rẹ̀ títí á fi jáde. Ìdajì owó ni mo padà rí gbà, ojú ìyàwó mi lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò sì tíì kúrò níwájú mi dòní.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń pín owó iṣẹ́ sí. Ìdá kìíní máa ń wọlé kí n tó fọwọ́ kan igi. Òun ni mo fi ń ra pákó, òun la sì ń jẹ, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìdá kejì máa ń wọlé nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, màá sọ ibi tí mò ń pè ní ìdajì láìpẹ́. Ìdá kẹta ni kí ilẹ̀kùn tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Fún ọba, mo máa ń gbà kí ó jẹ́ ọjọ́ tí a bá gbé e kọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ náà. Kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo, ní èdè tí gbogbo yín gbọ́: ìwọ̀n ilẹ̀kùn, irú igi, ohun tí o máa gbẹ́, oṣù tí yóò parí, orúkọ ẹni tí yóò máa sanwó. Fi kún un pé bí wọ́n bá yí ohun tí wọ́n fẹ́ padà lẹ́yìn tí o ti gbẹ́ ẹ dé ìdajì, wọ́n á san owó igi mìíràn àti owó ọjọ́ tó lọ. Àgbà tó tẹ̀ lé ọ ni kó gbé ìwé náà wọlé. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bó bá fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé torí kí ọmọ yìí má baà já Kábíyèsí kulẹ̀ ni, wọ́n á fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà wà níbẹ̀. Ààfin á fún ọ ní ewúrẹ́, á fún ọ ní iṣu, wọ́n lè dá aṣọ fún ọ pàápàá. Dọ̀bálẹ̀ kí o dúpẹ́ tọkàntọkàn. Má yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́ rẹ, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ yọ ọ́.

Igi

Ìrókò ni mo fẹ́ràn jù fún ilẹ̀kùn ìta. Ikán kì í tètè rí i jẹ, ó sì máa ń gba ọ̀bẹ dáadáa. Àpá le jù ú lọ, ó wúwo, ọwọ́ á ro ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ Kábíyèsí á bá a níbẹ̀. Ọmọ̀, igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Abẹ́ òrùlé ni mo máa ń lò ó sí.

Gbígbẹ igi ló máa ń bá ọ̀pọ̀ wa jà. Pákó tútù máa ń sún kì, ìbú rẹ̀ ló sì ti ń sún kì, òòró rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ilẹ̀kùn kejì tí mo gbẹ́ láyé mi, n kò ní sùúrù. Pákó tí mo rà lọ́jà lóṣù Kẹjọ, mo ti gbẹ́ ẹ tán ní oṣù Kọkànlá. Ọyẹ́ dé. Ó là láti òkè wá, ìlà náà gba ọrùn ẹlẹ́ṣin tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbẹ́ kọjá, tààrà. Láti ọjọ́ náà, pákó tó nípọn ní íǹsì méjì máa ń lo oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ mi, ó kéré tán. Mo máa ń tò wọ́n sábẹ́ òjìji, màá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbabẹ̀ kọjá, màá sì yọ́ àbẹ́là sí orí àti ìdí pákó kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni omi ti máa ń yára jáde jù, ibẹ̀ sì ni ìlà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí Kábíyèsí bá fẹ́ ilẹ̀kùn lóṣù mẹ́ta, sọ òtítọ́ fún wọn, tàbí kí o wá pákó tó ti gbẹ lọ́wọ́ ẹni tó ti tọ́jú ẹ̀ pẹ́.

Ohun tí o máa gbẹ́

Ibí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, torí ibí ni agbára wọn àti ọwọ́ rẹ ti máa pàdé.

Èmi máa ń padà sọ́dọ̀ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1873. Ìsẹ̀ ló dàgbà sí, ó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, ọba ìlú náà. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó pè é wá láàárín ọdún 1910 sí 1914 pé kó wá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin òun. Ọ̀kan nínú àwọn òpó yẹn wà ní ilé ọnà Art Institute ní Chicago lónìí, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Bó o bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, wá àwòrán rẹ̀, kí o wò ó pẹ́.

Ọba ló jókòó níwájú, adé lórí, ẹyẹ lórí adé. Àwọn èèyàn kéékèèké wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì àgbà dúró, ọwọ́ rẹ̀ lára àga, ó sì ga, ó tóbi ju ọba lọ. Kábíyèsí rí bíńtín níwájú ìyàwó ara rẹ̀! Ta ni yóò dán èyí wò níwájú ọba lóde òní? Ọlọ́wẹ̀ ṣe é, ọba sì gbà á, torí ohun tí gbogbo ààfin mọ̀ ló gbẹ́: olorì àgbà ló máa ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Obìnrin tó wà lẹ́yìn ọba ni ọba fi ń dúró. Ẹni tó ń wò ó kò ní rí àbùkù kankan níbẹ̀, olorì tó bá sì kọjá níbẹ̀ á rí ara rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ lára òpó yẹn ni pé, bí alágbára bá sọ ohun tó fẹ́, má kàn gbẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wádìí ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Èmi máa ń béèrè ẹni tó dúró ti Kábíyèsí nígbà tí nǹkan le, màá béèrè ohun tí ìlú wọn kò lè ṣe láìsí i, bóyá odò ni, bóyá òkè ni, màá sì jókòó ti àwọn ìyá ààfin kí n gbọ́ oríkì. Ọba kan ní kí n gbẹ́ mọ́tò òun sára ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo tọ pinpin rẹ̀, mo gbọ́ pé mọ́tò yẹn ni wọ́n fi gbé àwọn aláboyún lọ sílé ìwòsàn ní gbogbo ọdún tí afárá já. Mo gbẹ́ mọ́tò náà, mo gbẹ́ aboyún sínú rẹ̀, mo sì gbẹ́ odò sábẹ́ táyà. Kábíyèsí fi ọwọ́ pa aboyún náà lórí, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Bó o bá ń lọ fi àwòrán hàn wọ́n, má mú ẹyọ kan lọ. Mú méjì, kí méjèèjì jẹ́ èyí tó tẹ́ ìwọ fúnra rẹ lọ́rùn. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa pàṣẹ gbọ́dọ̀ rí nǹkan pàṣẹ lé. Bí ẹyọ kan ló bá wà níwájú rẹ̀, kíkọ̀ ọ́ nìkan ni àṣẹ tó kù fún un. Bó bá jẹ́ méjì, á yan ọ̀kan, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun ló yàn án.

Kíkọ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Olóṣèlú kan ní kí n gbẹ́ ojú alátakò òun sábẹ́ pátákò ẹṣin òun. Mo ní, "Ẹ forí jì mí sà, mo lè gbẹ́ ẹṣin tí gbogbo ayé á máa wò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lásán ni màá gbẹ́ sábẹ́ rẹ̀." Ó bínú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò gbé fóònù mi. Ó padà gbà. Ọmọ àwọn méjèèjì ti fẹ́ ara wọn báyìí, ẹnu ilẹ̀kùn yẹn náà ni ìyàwó gbà wọlé.

Má sì rò pé oníbàárà tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ kò lè gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll ti ìjọ Kátólíìkì kó àwọn agbẹ́gilére jọ, kí wọ́n fi ọnà Yorùbá gbẹ́ ìtàn Bíbélì. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, wà níbẹ̀, Lámídì Fákéye sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mùsùlùmí ni Lámídì, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn náà jẹ́ ti fadá, ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ sì jẹ́ ti Yorùbá.

Ìgbà tí wọ́n lè wá wò ó

Ìpele mẹ́rin ni àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa. Ọ̀nà lílé ni ti àkọ́kọ́, níbi tí àáké ti ń la orí, ìgbáyà àti ẹsẹ̀ jáde gẹ́dẹ́gbẹ́ gẹ́dẹ́gbẹ́. Alétúnlé tẹ̀ lé e, níbi tí apá ti ń yà kúrò lára, tí imú àti etí ń yọ. Dídán ni ẹ̀kẹta. Irin àti ọ̀bẹ á mú ojú igi jọ̀lọ̀, látijọ́ ewé ìpín ni wọ́n sì fi ń ha á. Fínfín ló gbẹ̀yìn: ìpéǹpéjú, ilà ojú, irun, ìlẹ̀kẹ̀, ọnà ara aṣọ.

Má jẹ́ kí alágbára rí iṣẹ́ rẹ nígbà ọ̀nà lílé. Kò sí ojú níbẹ̀, kùkùté ló máa rí. Ìjòyè kan yà sọ́dọ̀ mi láìsọtẹ́lẹ̀ nígbà yẹn, ó wo ara rẹ̀ nínú igi, ó ní, "Ṣé ìnàkí lo fi mí pè ni?" Oṣù kan ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ìparí alétúnlé ni kí o pè wọ́n. Ojú ti hàn, ìdúró ti hàn, igi ṣì wà lára tí o lè fi ṣàtúnṣe bí wọ́n bá ní adé kéré. Ibẹ̀ ni mò ń pè ní ìdajì. Wọ́n á wò ó, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á san ìdá kejì. Bí dídán bá ti bẹ̀rẹ̀, ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Igi tí o bá gé kúrò nígbà yẹn kò ní padà mọ́.

Nígbà fínfín, fi ohun kan síbẹ̀ tó jẹ́ tìrẹ nìkan. Àwo kan wà tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, tó wà ní ilé ọnà Smithsonian ní Washington. Láàárín àwọn èèyàn tó kúnlẹ̀ tí wọ́n gbé àwo náà, orí ènìyàn kan wà tó ń yí gbiri nínú ọgbà tí ara wọn ṣe. Inú igi kan náà ló ti gbẹ́ orí yẹn, ó ń yí, kò sì lè jáde. Rò ó wò, bí ọ̀bẹ ṣe ń gba àárín orúnkún àwọn ère kọjá láti lọ gé orí yẹn kúrò lára igi, láì ha wọ́n lára. Irú èyí kì í sí nínú àdéhùn. Èmi máa ń gbẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọmọdé tó ń rákò nìkan ti lè tètè rí i.

Ọjọ́ tí o bá gbé e kọ́

Kí o tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ya àwòrán rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, àti ojú ère kọ̀ọ̀kan. Fín orúkọ rẹ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀. Tọ́jú ìwé tí o ya ọnà náà sí, má fún ẹnikẹ́ni.

Ìdí rẹ̀ rèé. Lára ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà, apá kan fi ọba hàn lórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì lẹ́yìn rẹ̀. Apá kejì fi òyìnbó aṣojú ìjọba hàn tí àwọn èèyàn gbé e wá. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé e lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi ìpàtẹ ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. British Museum fẹ́ ẹ. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà ní pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn náà kò sì padà wálé. Ọlọ́wẹ̀ ni wọ́n tún ní kó gbẹ́ òmíràn sí ipò rẹ̀. Ọba ló ni ilẹ̀kùn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í tọrẹ. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bó bá máa kúrò láàfin, kí wọ́n sọ fún ọ, àti pé ìwọ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ ni wọ́n máa pè láti gbẹ́ àrọ́pò. Ọba méjì ti fọwọ́ sí i fún mi láì jiyàn.

Sọ iṣẹ́ rẹ fún àwọn ará ilé rẹ pẹ̀lú. Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Ní ọdún 1988, Olójú-ifun, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí kan, John Pemberton. Ìyá náà ń ka ààfin tí ọkọ òun ti ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rántí pé ọdún mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ Ògògà, ó sì mọ̀ pé wọ́n gbé lára iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ! Mo ti ní kí ọmọbìnrin mi máa kọ orúkọ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé.

Ọjọ́ ìgbékọ́ gan-an, ìwọ àti káfíńtà rẹ ni kó dé ààfin kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo ìlú á sọ tẹnu wọn; gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tiẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá kọjá, padà lọ, wọn kò ní ránṣẹ́ pè ọ́. Mú òrí dání, àti aṣọ tó mọ́. Wo ibi tí pákó méjì ti pàdé bóyá ó ti là. Ṣí i, tì í, gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o fi òrí pa á, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí o sì pẹ́ díẹ̀ ní ibi tí ọwọ́ àwọn ọmọdé máa ń dé.